Mùsíọ́mù Curie ní Paris: ẹ lọ wo irinṣẹ́

Ẹ má torí àhéré tí Marie àti Pierre Curie, tọkọtaya onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti yọ rédíọ̀mù (irin tó ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀) látinú òkúta lọ síbí o. Òpópónà Lhomond ni ìyẹn wà, wọ́n sì ti wó o tipẹ́. Ilé Institut du Radium, ilé ìwádìí rédíọ̀mù tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1914 ni mùsíọ́mù yìí, ní nọ́ńbà 1, òpópónà Pierre et Marie Curie. Pierre kò bá a: kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ti pa á lọ́dún 1906. Ọdún yẹn náà ni Marie gba iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ní yunifásítì Sorbonne, obìnrin àkọ́kọ́ tó kọ́ni níbẹ̀.

Ẹ ó rí ọ́fíìsì rẹ̀ àti yàrá tó ti ń ṣe kẹ́mísírì. Ọdún 1981 ni wọ́n tó fọ rédíọ̀mù kúrò nínú yàrá náà, kì í sì í ṣe àṣejù. Ẹgbẹ̀jọ (1600) ọdún ló ń gba rédíọ̀mù kó tó dín sí ìdajì. Èyí tó bá ta sórí tábìlì ní 1920 kò tíì dín tó ìdá kan nínú ogún.

Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí jù ni ìdí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú ohun tí wọ́n fẹ́ wọn sórí àwo irin tí bátìrì ń fún níná. Ìtànṣán á sọ afẹ́fẹ́ di ohun tí iná ń gbà kọjá lọ sí àwo òkè, ìmọ́lẹ̀ kékeré tí dígí ń tàn sórí rúlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ẹni tó ń wọn nǹkan á rọra máa fi ìwúwo fa kúọ́tísì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn òkúta dídán tó ń mú iná wá bí wọ́n bá fà á, kí iná tirẹ̀ lè dá ìmọ́lẹ̀ náà dúró sórí òdo. Ìwúwo àti àkókò tó gbà ló ń sọ bí ìtànṣán ṣe lágbára tó. Ọ̀rinrin lọ̀tá iṣẹ́ yìí: bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, iná á jò lọ, èsì á ṣì.

Ẹ wo Tho-Radia náà, ìpara ojú tí wọ́n po rédíọ̀mù mọ́. Dókítà Alfred Curie tí wọ́n fi polówó rẹ̀ kì í ṣe ẹbí wọn rárá!

Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, Wednesday sí Saturday, aago kan sí márùn-ún ọ̀sán. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìkànnì wọn wò, pàápàá ní August. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Luxembourg ti ọkọ̀ ojú irin RER. Ẹni tó ń kọ́ fisíìsì á nílò wákàtí kan; ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò lásán, ogún ìṣẹ́jú ti tó.