Ẹ Ṣọ́ra fún Ọkùnrin Tó Ń Ta “Kámẹ́rà Bọ́ọ̀lù” fún Àwa Ọmọ Ọ̀kun

Ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, Ọ̀kun o. Ìkíni yìí gan-an ni ọkùnrin yẹn fi wọlé sí mi lára, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ kí yín kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò kan ní Ìsánlú fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo kámẹ́rà yìí. Wọ́n ní kí n san ìdajì owó kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ẹlòmíì ti ń dúró dè é.” Bí mo ṣe ṣí i báyìí, àyà mi já. Aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé kan náà ni, ọwọ́ kan náà tó wọ òrùka fàdákà méjì, lẹ́ńsì gígùn kan náà tó dùbúlẹ̀ bí ọmọrí odó. Orúkọ ojú ewé nìkan ló yí padà. Ọkùnrin tó gba owó mi lóṣù kìíní ọdún yìí ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí orúkọ mẹ́ta ni mo ti mọ̀ ọ́n mọ́ báyìí, kò sì sí èyí tó dá mi lójú pé òun ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni kí ẹ mọ̀.

Kàbà ni mò ń gbé. Fótò ìkómọ àti ìgbéyàwó ni mò ń yà tẹ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n eré orí pápá ló wà lọ́kàn mi. Bí sáà kejì bá ti wọlé, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe inter-house, òbí tó rí fótò ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń fi àyà já okùn kì í ná an. Ní Kérésì, tí àwọn ará Èkó àti Àbújá bá wálé, ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò á gba gbogbo pápá kan, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tó gbé kámẹ́rà gidi dání. Mo wá lọ béèrè lórí Facebook pé irú kámẹ́rà wo ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ya bọ́ọ̀lù lè fi bẹ̀rẹ̀.

Kò dá mi lóhùn lójú gbogbo èèyàn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀: “Ọ̀kun o, ọmọ ìyá mi.” Ó ní ará Mọ́pà ni ìyá òun, Èkó lòun ti ń ta kámẹ́rà, òun ò sì ní jẹ́ kí ọmọ ilé ra ọjà tó máa dùn ún. Ó béèrè ilé tí wọ́n bí mi sí ní Kàbà, ó kí àwọn òbí mi. Láti ìgbà yẹn ni mi ò ti béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè mọ́.

Ẹrù tó dì fún mi nìyí: Canon 70D, lẹ́ńsì kékeré 18-55mm (bí nọ́ḿbà mm bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ ojú tó), “lẹ́ńsì 800mm tí àwọn tó ń ya Premier League ń lò”, mẹ́mórì káàdì 128GB, bátìrì méjì, àti káàdì oníròyìn tó ní yóò máa gbé mi wọ pápá ìṣeré èyíkéyìí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦340,000. Mo san ₦170,000 kó tó kó o fún awakọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé gáréèjì Kàbà, awakọ̀ ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun kí òun má ṣe gbé ẹrù sílẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá pè pé ìyókù ti wọlé. Mi ò bá awakọ̀ jà, ohun tí wọ́n rán an ló jẹ́. Mo san án lórí ìdúró, kí n tó já téèpù tí wọ́n fi wé páálí.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí lẹ́ńsì yẹn, torí òun ló fi ń dẹ wá. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni 420-800mm, f/8.3-16. Ọjà tó wà lóòótọ́ ni, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri ayé, kì í sì í wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ya òṣùpá, tó gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, lè rí nǹkan fi í ṣe. Fún bọ́ọ̀lù, kò wúlò. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Lẹ́ńsì tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ máa ń ní àwọn ojú kéékèèké tó ń dán bí wúrà níbi tó ti ń kanra mọ́ kámẹ́rà. Ti eléyìí gbalẹ̀, kò sí ẹyọ kan. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà kò lè bá yín wá ojú ohun tí ẹ fẹ́ yà (autofocus) kó lè hàn kedere, ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Kí ẹ tó yí i tán, wíńgà ti gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín, góòlù ti wọlé, àwọn èèyàn ti sáré wọ pápá.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìṣòro kejì, òun ló sì burú jù. Nọ́ḿbà tó tẹ̀ lé f yẹn ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó. Bí nọ́ḿbà bá ṣe ń ga sí i ni ihò ń kéré sí i. Lẹ́ńsì 70-200mm f/2.8 tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ya bọ́ọ̀lù ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 32 èyí tí f/16 ń gbà. Kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré tó lè dúró nínú fótò láì fà bí omi ọbẹ̀ ilá, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbọ́dọ̀ yára tó 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Mo máa ń fara mọ́ 1/500 bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ní f/16, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán gangan, ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára mú fótò mọ́lẹ̀ sí i, á ti tó nǹkan bí 1000 kí ẹ tó rí 1/1000 yẹn. Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan lọ́dọ̀ wa? Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni rẹfirí ń fọn fèrè, oòrùn ti ń sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn òkè, bó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku ti bo ojú ọ̀run. Mo gbé ISO dé 6400, fótò dà bí ìgbà tí wọ́n da iyanrìn lé e lórí, aṣọ àwọn ọmọ náà ṣì ṣókùnkùn síbẹ̀.

Lẹ́ńsì Canon 55-250mm tó ní IS (ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù), tòkunbọ̀ rẹ̀ kì í wọ́n. Lórí kámẹ́rà bíi 70D, ibi tí 250mm rẹ̀ ń wò jìnnà tó ti 400mm lórí kámẹ́rà olójú ńlá (full-frame), ó sì ń wá ojú nǹkan fúnra rẹ̀. Kò dára fún bọ́ọ̀lù alẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ká ní ẹnì kan ti sọ èyí fún mi lóṣù kìíní ni.

Mo gbìyànjú láti má banú jẹ́ nítorí lẹ́ńsì. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti pè mí fún inter-house wọn, mo sì mọ̀ pé níbi eré ìje èèyàn lè dúró sítòsí okùn ìparí, kí ó fi 18-55mm yà á bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, tó gba ọ̀pá ìkẹyìn nínú rílè nígbà tí ilé wọn wà ní ipò kẹta. Ó bọ́ bàtà dànù, ó kọjá àwọn méjèèjì. Mo tẹ kámẹ́rà, mo rí i lójú díńgí tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà: ẹnu ọmọ náà là, okùn wà láyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ọbájànà, kò ráyè wá. Ó ti fi owó fótò ránṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo kó káàdì sí kọ̀ǹpútà lálẹ́, nǹkan bí 600 fótò àkọ́kọ́ ló ṣí. Àwọn tó kù, òmíràn dá sí méjì tí ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eérú, òmíràn kò ṣí rárá. Gbogbo àṣekágbá lọ. Káàdì tí wọ́n kọ 128GB sí lára kò ju 16GB lọ nínú. Wọ́n ti yí i kó máa parọ́ fún kámẹ́rà pé àyè ṣì wà. Fótò tí ẹ sì ń rí lójú díńgí lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, láti inú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, kì í ṣe ẹ̀rí pé káàdì ti gbà á. Mo dá owó bàbá náà padà. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Ó dùn mí ju bí ì bá ṣe bú mi lọ.

Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw fún kọ̀ǹpútà Windows. Yóò kọ nǹkan kún káàdì dé ẹnu, yóò sì kà á padà. Ẹ má ṣe gbé káàdì kankan lọ sí ibi iṣẹ́ láì kọ́kọ́ ṣe é.

Kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Mo gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní Lọ́kọ́ja, ó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fi iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí hàn mí: ó lé ní 212,000. Ohun tí Canon ṣe ṣọ́tà 70D fún ni 100,000. Òmíràn máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé 9,000 ni. Àwa tá à ń ya eré ló kàn jù, torí 70D ń ya fótò méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ lè ya 1,000 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo láì mọ̀. Rọ́bà ara rẹ̀ tuntun, òun ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Rọ́bà tuntun lára kámẹ́rà àtijọ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tó wà ní abẹ́ rẹ̀ kò sì bá èyí tó ń kọ sínú ìsọfúnni àwọn fótò tó ń yà mu.

Ní ti káàdì oníròyìn, ẹnì kan tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bíi tèmi gbé tirẹ̀ lọ sí Confluence Stadium ní Lọ́kọ́ja, wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Àwọn tó ṣètò ìdíje ló ń fúnni láyè láti wọlé yà á. Wọn kì í tà á.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kámẹ́rà fún yín láti òkèèrè, ẹ ní kó kọ orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kó ṣe fídíò rẹ̀. Kó fi nọ́ḿbà abẹ́ kámẹ́rà hàn nínú fídíò náà, kó fi kámẹ́rà náà ya fótò kan, kó sì fi fótò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document, kí ẹ lè fi nọ́ḿbà méjèèjì wé ara wọn. Bó bá fi ránṣẹ́ bí fótò lásán, WhatsApp á bọ́ gbogbo ìsọfúnni inú rẹ̀ dànù, ẹ ò ní rí nọ́ḿbà kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ Nikon, ẹ máa ń rí iye ṣọ́tà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti Canon sábà máa ń gba wáyà. Kó tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì kọjá lójú yín. Bí ẹ bá rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ nínú díńgí bí ara búrẹ́dì tó ti bu, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá lẹ́ńsì yẹn ń wá ojú nǹkan fúnra rẹ̀ lórí kámẹ́rà yẹn gan-an: lẹ́ńsì Nikon AF-D àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí D3000 àti D5000 àti àwọn àbúrò wọn, ọkùnrin yẹn sì ń so wọ́n pọ̀ tà fún ẹni tí kò mọ̀.

Gbogbo èyí ni mo ní kí àbúrò Ìsánlú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe dárúkọ bébà àti déètì, ọkùnrin náà ní, “Ṣé o ò fọkàn tán ọmọ ìyá rẹ ni?” Ó sì dí i lọ́nà (block) lórí WhatsApp.

Kò sí ẹni nínú wa tí kò ní ìbátan kan ní Èkó. Ẹ rán an lọ kó fọwọ́ kàn án kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ gáréèjì ni ẹrù ń bọ̀, ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú pé ẹ máa ṣí páálí lójú awakọ̀ kí ìyókù owó tó lọ. Ẹni tó bá sì ti sanwó, ẹ sáré pe báńkì yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ nígbà tí owó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó lọ, torí mò ń dúró de ìlérí rẹ̀ pé òun máa pààrọ̀ lẹ́ńsì. Náírà kan kò kù níbẹ̀ mọ́. Mo ti fi ẹjọ́ sun àwọn ọlọ́pàá, gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́ńsì gígùn yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi ní Kàbà. Ẹni tó bá ń gbèrò láti ra irú rẹ̀, kó wá gbé e lọ sí pápá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó fojú ara rẹ̀ wo inú rẹ̀. Mi ò ní gba nǹkan kan. Bí ẹ bá sì rí fídíò tó ní aṣọ tábìlì aláwọ̀ ewé àti òrùka fàdákà méjì, ẹ fi han àwọn ará yín ní Ẹ̀gbẹ̀, Ìyàrà àti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ lónìí.