Ṣílè méjì tó ṣú, ṣílè méjì tó ń dán: èwo ni kí ẹ rà?

Owó fàdákà British West Africa ni mo ń sọ, èyí tí àwọn ìyá wa àgbà ná kí náírà tó dé: tọ́rọ́, sísì, ṣílè, àti ṣílè méjì tó ní igi ọ̀pẹ lẹ́yìn. Ẹni tó ń wá a kiri ti mọ̀ pé láti 1913 dé 1920 ni wọ́n fi fàdákà ṣe é kí wọ́n tó bọ́ sórí ide, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ojú owó ni mo fẹ́ fi wéra. Ẹ máa bá oríṣi méjì lórí tábìlì àwọn tó ń tà á: èyí tó ti ṣú bí ìdí ìkòkò, àti èyí tó ń kọ mànà bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mo ní méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá bàbá mi ní Abẹ́òkúta, 1914 tó ní H lára, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló tẹ̀ ẹ́. Inú àkísà kan nísàlẹ̀ àpótí onírin ló wà kí wọ́n tó bí mi. Ìkejì, 1913, mo fi £80 rà á níbi pàtẹ owó àtijọ́ kan ní London.

Èyí tó ń dán

Kí n má parọ́, ó wù mí lójú. Ó funfun nini, adé orí ọba yọ dáadáa, ẹni tó ń tà á sì ní inú àpò ìwé ló ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde. N kò tilẹ̀ ná an dáadáa. Mo tún sanwó lórí rẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò fún mi kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó àtijọ́ wò, bíi PCGS àti NGC, máa ń fún owó ní nọ́ńbà láti 1 dé 70, bó bá ṣe dára sí. Tèmi padà dé láìní nọ́ńbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: Cleaned. Wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Mo gbé e lọ fún bàbá àgbàlagbà kan tó ti pẹ́ nídìí òwò yìí, bóyá yóò rà á. Ó gbé e sábẹ́ iná, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà fún mi. Ó ní owó fàdákà inú rẹ̀ nìkan lòun lè san. Gíráàmù 11.31 ni gbogbo ẹyọ náà, fàdákà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 10.46 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Bàbá yìí ló kọ́ mi ní ohun tí ǹ bá ti mọ̀ kí n tó yọ pọ́n-ùn kan. Ẹ tan gílóòbù kan ṣoṣo, ẹ pa ìyókù. Ẹ mú owó náà létí, ẹ má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kí ẹ wá máa dà á díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ojú rẹ̀ bá jẹ́ ti àbímọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré yí i ká bí ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí. Ìdí ni pé nígbà tí ẹ̀rọ tẹ fàdákà náà, ó ṣàn láti àárín lọ sí etí, ó sì fi ìlà tíntìntín sílẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìlà yẹn ló ń gbé iná kiri. Ásíìdì tí wọ́n ń ki owó bọ̀ kì í mú dúdú nìkan kúrò, ó ń bù lára fàdákà pẹ̀lú. Owó tí wọ́n bá ti ki bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ásíìdì ti jẹ ìlà yẹn tán. Tèmi funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná kàn jókòó sí ojú kan lórí rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń ṣe lórí àwo tánńganran.

Ó tún gbé lẹ́ńsì fún mi. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, àwọn ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò síbì kan náà, gbogbo wọn dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo, bí abọ́ álúmíọ́mù tí wọ́n fi kànrìnkàn onírin fọ̀. Ìdọ̀tí dúdú sì ṣì wà láàárín lẹ́tà TWO SHILLINGS, níbi tí ọwọ́ afọwó kò dé, nígbà tí ilẹ̀ owó tó yí i ká funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Owó tí wọ́n ná lọ́jà kì í rí báyẹn. Bí ìdọ̀tí bá wà lẹ́bàá lẹ́tà, ilẹ̀ rẹ̀ náà á ti rí eérú-eérú.

(Ẹ má bú àwọn tó ń tà á nìkan o. Àbúrò mi fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó mẹ́ta lára owó ìyá àgbà tó kù kí n tó délé. Ó fẹ́ yà mí lẹ́nu ni. Ó sì yà mí lẹ́nu.)

Èyí tó ṣú

Imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú páálí àti nínú aṣọ ló ń bá fàdákà jà tó fi ń ṣú. Ó máa ń kọ́kọ́ pọ́n bí oyin, á wá pupa rúsúrúsú, á di elésè àlùkò, á di búlúù, bó bá pẹ́ jù á dúdú kanlẹ̀. Ti ìyá àgbà pọ́n láàárín, ó búlúù létí, àwọ̀ kan sì ń yọ́ wọnú èkejì. Bí ẹ bá dà á sábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ ń yí lábẹ́ àwọ̀ náà.

Àwọn kan ń fi iná tàbí ẹyin sísè kun owó láwọ̀ kó lè jọ èyí. Tiwọn máa ń fò láti orí yẹ́lò bọ́ sórí búlúù láìgba àárín kọjá, á sì wà gbàgà lójú owó bí epo tó dà sójú omi. Èyí tó dúdú bí èédú náà, ẹ fi sílẹ̀, ó ti ń jẹ fàdákà.

Àléébù kan ni pé dúdú ń bo ibi tí owó ti họ mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀.

Ìyókù, ní ṣókí

Ide ti 1920 síwájú: ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, á pọ́n bí ọsàn. Ọ̀nínì oníhò: wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń sọ owó di àwọ̀ ewé: ásítóònù pọ́ńbélé lè ṣí i, kò ní fọwọ́ kan fàdákà, ṣùgbọ́n ẹ má nù ún. Iye owó: èyí tó ń dán sábà máa ń wọ́n ju iye tó yẹ ẹ́ lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé ẹ kò mọ̀.

Èwo wá ni?

N kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e sínú férémù ní pálọ̀ kí àlejò rí i, èyí tó ń dán dára, kí ẹ ṣáà ra á ní iye fàdákà. Ẹni bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ mọ ibi tí mo dúró.

Èyí tó ṣú ṣì wà nínú ìwé tí kò ní ásíìdì, n kì í yọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ olówó £80 wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń jù sókè, ọba tàbí ọ̀pẹ, láti mọ ẹni tó máa fọ abọ́.