Pátákó Ọlọ́dà àti Bánà Ẹ̀rọ

Ẹni tí ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tàbí ilé oúnjẹ ní Kàbà tàbí Ìsánlú yóò mú ọ̀kan nínú méjì: kí ayàwòrán fi ọ̀dà kọ orúkọ ìsọ̀ sára páànù, tàbí kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya bánà, kí ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́.

Bánà máa ń tètè yá, ó sì ń gba fọ́tò. Ṣùgbọ́n nítorí pé kíkún un kò ni ẹnikẹ́ni lára, àwa fúnra wa ni a ń kó àwòrán ẹni tó ni ìsọ̀, nọ́ńbà fóònù mẹ́rin àti àdúrà gígùn sí i, débi pé ọlọ́kadà tí ń kọjá kò ní rí ìkankan kà. Ẹni tí ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ làálàá, nítorí náà ni ó fi máa ń bi oníbàárà pé, “Mà, kí ni ẹ fẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ rí?” Ìbéèrè yìí gan-an ni iṣẹ́ ọnà.

Ti àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ewé àti búlúù ni ojú fóònù ń pò pọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lo tàdáwà, tí kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ewé tí ń dán lórí fóònù fi ń ṣú lára bánà. Ọ̀dà ní tirẹ̀, ojú rẹ ni wọ́n ti ń pò ó, bí oòrùn bá sì pa á, a lè tún un kùn.

Fún ìnáwó ọjọ́ kan, bánà ni n óò mú. Fún orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dà.