Methionine funfun àbí ti ewé: èwo ni kí ẹ rà fún adìẹ ẹran yín?

Ọmọ adìẹ 100 ni mo pín sí apá méjì nínú ilé adìẹ mi ní Kétu. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, àgbàdo àti sóyà yíyan. Mo po methionine funfun, èròjà tí ara fi ń kọ́ ẹran àti ìyẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, mọ́ ti apá ọ̀tún, mo sì po ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní methionine ewé mọ́ ti apá òsì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀yìn àwọn ti apá òsì ṣì wà ní ìhòòhò, ìyẹ́ wọn kò hù dáadáa, wọ́n sì ń ṣá ara wọn ní ìdí. Ẹni tó tà á fún mi ti ní kílò kan rẹ̀ lè dípò kílò kan ti funfun. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó yọ owó lápò.

Nínú oúnjẹ tí a fi àgbàdo àti sóyà ṣe, methionine ló kọ́kọ́ máa ń dín, lysine, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, ló tẹ̀ lé e. Bí methionine kò bá tó, àwọn èròjà yòókù á ṣòfò, ẹran kò sì ní kún. Nǹkan bíi kílò 2 ni a sábà máa ń fi kún oúnjẹ kílò 1,000. Nínú kílò kan èyí tó funfun, gíráàmù 990 ló jẹ́ methionine. Mòríńgà gbígbẹ tí gbogbo ayé ń yìn kì í sábà ju gíráàmù 4 tàbí 5 lọ nínú kílò kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: kí mòríńgà tó lè fún yín ní kílò 2 methionine, ẹ óò da kílò 400 sí 500 sínú oúnjẹ kílò 1,000! Adìẹ á ti yó kó tó jẹ oúnjẹ tó lè mú un sanra.

Kí wá ni ti ewé ń ṣe? Àwọn tó ń wá láti Íńdíà sábà máa ń ní jogbo àti ewé kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí efinrin nínú. Wọ́n ní ó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, kí ara lè ṣọ́ methionine tó wà nílẹ̀ lò. Mo gbà á dé àyè kan. Àmọ́ methionine wà lára ohun tí ara fi ń kọ́ ẹran àti ìyẹ́, ibẹ̀ ni kò sì sẹ́ni tó lè bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan ń sá fún lysine nítorí wọ́n gbọ́ pé kẹ́míkà ni. Kòkòrò àìrí ni wọ́n ń fi ṣúgà bọ́ tó fi ń mú un jáde. Ó jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń bo irú mọ́lẹ̀ títí kòkòrò á fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Methionine funfun ni wọ́n ń fi èròjà epo rọ̀bì ṣe, mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́.

Bí oníbàárà yín bá ní òun kò fẹ́ ti ilé iṣẹ́ rárá, ohun jíjẹ ni kí ẹ wá, ẹ má wá ìyẹ̀fun ewé. Bí methionine ṣe pọ̀ tó nínú kílò kan wọn nìyí:

Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 6.
Yànmọ̀tí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀: nǹkan bíi gíráàmù 11.
Ẹja lílọ̀ tó dára: nǹkan bíi gíráàmù 17.

Yànmọ̀tí kò ní lysine tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí sóyà bá a rìn. Kúlíkúlí kò ní èyíkéyìí tó nínú méjèèjì, ó sì tètè ń bu. Ìdin náà dára: ní oko Songhaï tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí Father Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sin ín fún ẹja àti adìẹ. Ní ti ẹja lílọ̀, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ife omi, kí ẹ rò ó, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n fi lú u á jókòó sísàlẹ̀. Ẹ yọ ẹja kúrò nínú oúnjẹ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú títà, kí ẹran má baà rùn.

Methionine funfun náà ní ayédèrú. Ojúlówó ń dán, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ bu díẹ̀ sórí ṣíbí onírin, kí ẹ gbé e sórí iná: ojúlówó á jó tán pátápátá, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ tàbí ẹfun lú á fi eérú púpọ̀ sílẹ̀.

Tèmi ni pé, láti ọjọ́ kìíní dé ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ra funfun. Ẹ má wo owó kílò nìkan. Ẹ pín owó náà sí iye gíráàmù methionine tó wà nínú rẹ̀, ẹ óò rí èyí tó wọ́n. Bí ẹni tó ń ta ti ewé bá takú, ẹ ní kó mú ìwé yàrá àyẹ̀wò wá. Bó bá mú un wá, ẹ fi adìẹ 20 péré dán an wò, kí 20 mìíràn máa jẹ ti funfun, kí ẹ sì máa wọn àwọn méjèèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ.