Ṣọ́ọ̀kì iwájú tí wọ́n ti tò pọ̀ tán: mo fúnra mi pààrọ̀ ẹ̀ nílé

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúnra yín pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn irin tó ń gba jìgìjìgì ọkọ̀ mọ́ra, nílé, èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tán ni kẹ́ ẹ rà, tí sípíríǹgì, rọ́bà àti ìjókòó òkè ẹ̀ ti wà lára ẹ̀. Ó wọ́n ju ṣọ́ọ̀kì lásán lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀mí ò ní dùpílíkéètì o. Sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀, tí irin tó dì í mú bá fi yọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó lè ṣẹ́ èèyàn lápá, ó tiẹ̀ lè pààyàn.

Ọkọ̀ mi ti ń dà mí láàmú tipẹ́, tí n bá tẹ bíréèkì imú ẹ̀ á fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀, tó bá jáde nínú kòtò á ṣì máa fò, táyà iwájú wá ń jẹ ségesège, ibì kan ga ibì kan rẹlẹ̀. Ara ṣọ́ọ̀kì náà ti rin fún òróró, eruku lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ fín òróró sáwọn nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí táyà tó kúrò nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti fi jáàkì gbé e tán ẹ ti sítáǹdì sábẹ́ ẹ̀, ẹ má gbára lé jáàkì nìkan láé. Nínú ọkọ̀ tèmi, bóòtù ńlá méjì ló wà nísàlẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kàn án, òun ló di sípíríǹgì mú!

Èyí tó gbà mí lásìkò jù ni nọ́ọ̀tì línkéèjì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ẹ̀ ń bá sípánà yí ni, àfìgbà tí mo ki allen key, sípánà kékeré olójú mẹ́fà, bọ imú ẹ̀ tí mo dì í mú kó tó gbà. Kẹ́ ẹ tó fa bóòtù ìsàlẹ̀ yọ, ẹ tú ọ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì gan-an) kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ fi okùn so irin tó gbé táyà dúró mọ́ ara ọkọ̀, torí tó bá dà síta ó lè fa ọ́ọ̀sì yẹn ya, ó tún lè fa ṣáàfù, irin tó ń yí táyà, yọ.

Tuntun yẹn bá ojú ihò mu rẹ́gí, àmọ́ ẹ wá ẹnì kan tí á máa gbé e látìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ lè fọwọ́ wé nọ́ọ̀tì òkè. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé kò sí bóòtù tuntun nínú páálí ẹ̀, èmi ni mo lọ rà á lọ́tọ̀. Ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù ẹ̀ le dé iye tí ìwé ọkọ̀ yín sọ, kẹ́ ẹ pààrọ̀ tọ̀tún-tòsì lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì gba ibi aláímẹ́ǹtì, níbi tí wọ́n ti ń to táyà kó dúró gún, lọ tààrà, torí bóòtù ìsàlẹ̀ yẹn láàyè díẹ̀, táyà lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Báyìí, tí n bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró digbí, ìró kọ̀ kọ̀ kọ̀ tó máa ń dún tẹ́lẹ̀ ti lọ. Ti ẹ̀yìn ló kù, irú ẹ̀ náà ni màá rà.