Oògùn Ewédò Tó Pa Edé Mi, àti Obìnrin Tó Gbé Fóònù

Edé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo bá ní òkú láàárọ̀ Sátidé. Ara wọn ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n ti inú omi gbígbóná jáde. Ìgbín mẹ́ta ti já kúrò lára gíláàsì, wọ́n nà sórí iyanrìn. Ẹja méje ń yọ ẹnu sókè lójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo da oògùn tó ń pa ewédò (ohun tó máa ń hù bo nǹkan nínú omi) yìí sínú tánkì ẹja mi, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò gan-an ni mo lò. Tánkì mi tuntun ni, lítà 60, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ ti bo gíláàsì, òkúta àti ewé, bí eruku ṣe ń bo koríko ẹ̀bá títì lọ́gbẹlẹ̀. Kí n má parọ́, oògùn náà ṣiṣẹ́: gíláàsì mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìdérí ìgò rẹ̀ náà dára, kì í jò.

Àmọ́ ẹ wo ara ìgò. Níwájú, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kò léwu fún ẹja. Bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́po, àfi kéèyàn fi èékánná ṣí i kó tó rí i, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín, pé bàbà (copper) wà nínú rẹ̀, kí a má lò ó níbi tí edé tàbí ìgbín bá wà. Nígbà tí mo kà á, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lórí fóònù. Ẹni tó dá mi lóhùn ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀lé ìlànà ara ìgò." Mo ní mo tẹ̀lé e, mo fi àwòrán ránṣẹ́. Gbólóhùn kan náà ló tún fi ránṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ó fi kún un pé oògùn náà kò léwu fún ẹja. Mo ní, "Edé kì í ṣe ẹja!" Ogójì ìṣẹ́jú kọjá, kò fèsì.

Ni mo bá pè wọ́n. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn àgbà. Kò béèrè nọ́ńbà rìsíìtì. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ẹja tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń mí?" Ó ní kí n yára pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà, kí n kọ́kọ́ pa kílórínì (oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ) inú omi tuntun, kí n fi èédú tuntun sínú fílítà tó ń sẹ́ omi kó lè fa díẹ̀ lára bàbà náà, kí n sì gbé ẹnu fílítà sókè kó máa ru ojú omi. Ó ṣàlàyé pé tí ewédò bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, jíjẹrà rẹ̀ ló ń gba ọ́síjìn mọ́ ẹja lọ́wọ́. Ó ní òun á pè padà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi pè.

"Ẹ fi ìka nu ibi tó bá ṣì kù. Ṣé ó kúrò?"

"Ó kúrò bí eruku, mà."

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ni tánkì yín?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ ò nílò oògùn wa rárá, sà."

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀! Ó ní diatom nìyẹn, ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ tí tánkì tuntun sábà máa ń ní. Sílíkà, èròjà kan tó wà nínú omi àti iyanrìn, ló fi ń kọ́ ara rẹ̀, ó sì sábà máa ń dín kù fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí n kàn máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Èyí tó bá jẹ́ àmì tó-tò-tó aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, abẹ la fi ń fá a kúrò, iná tó pọ̀ jù ló sì sábà máa ń fà á. Tí omi fúnra rẹ̀ bá di aláwọ̀ ewé, ká fi aṣọ bo tánkì fún ọjọ́ 3 sí 4. Èyí tó ń yọ̀, tó ń ṣí bí awọ, tó sì ń rùn, kì í ṣe ewédò rárá, bakitéríà ni. Wákàtí 12 ni mo ń tan iná; ó ní kí n dín in sí 7. Ó ní omi tí mo bá bù kúrò nínú tánkì ni kí n máa fi fọ fóòmù fílítà, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé mo tètè kó edé sínú tánkì tí kò tíì gbó. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Ewédò aláwọ̀ ilẹ̀ ti lọ, ẹja méjèèje wà láàyè. Wọ́n dá owó mi padà ní ọjọ́ kẹta, obìnrin náà sì tún pè láti béèrè ẹja. Àmọ́ mo rí ìgò tuntun lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìkìlọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ bébà tó ṣẹ́po. Ẹni tó bá ní edé tàbí ìgbín, ẹ má rà á.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Oògùn tó kù nínú ìgò náà tó ìdajì. Mi ò lè dà á sí gọ́tà nítorí bàbà inú rẹ̀. Mo ti bi wọ́n léèrè ibi tí mo lè dá a padà sí, mo ń retí èsì.