Àwọn tó fọ táǹkì dísù àlòkù fún oko mi

Òwò ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan ni mò ń ṣe lẹ́bàá Ṣàgámù. Ọjọ́ 21 ni ẹyin ń lò nínú ẹ̀rọ tó ń bá wa sàba, iná ò sì gbọdọ̀ lọ pẹ́ títí láàárín ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ táǹkì dísù ò fi kéré létí mi. Táǹkì onírin tuntun tó gba lítà 5,000 kọjá agbára mi, ni mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn kan tó ń fọ àlòkù tà ní agbègbè Òwòdé Onírin lọ. Iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn, yàtọ̀ sí ohun kan tí màá sọ.

Kí ọ̀gá wọn tó dárúkọ owó rárá, ó bi mí pé, "Ìyá oko, kí lẹ fẹ́ máa rọ sí i?" Mo ní dísù ni. Ó ní kí n yáa fi àwọn tó ń dán yẹn sílẹ̀, àwọn tí wọ́n fi síńkì bò, torí síńkì máa ń yọ́ wọnú dísù díẹ̀díẹ̀, á wá di nǹkan bí ọṣẹ tó ń dí fítà pa. Àwọn tó ń dán yìí ló sì pọ̀ jù níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ o! Irin dúdú ló ní kí n mú. Ó tún kìlọ̀ pé táǹkì tó bá ti gbé epo rí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pọn omi mímu sí mọ́, ìbáà jẹ́ fún adìyẹ.

Wọn kì í kun táǹkì lọ́dà kí oníbàárà tó rí inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí tèmi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Omi ló fà á. Lítà dísù kan ò ju nǹkan bíi kílò 0.85 lọ, omi wúwo jù ú, ìsàlẹ̀ ló sì máa ń lọ. Bí táǹkì ò bá kún, tí òru sì tutù, ìrì á sẹ̀ sára irin nínú lọ́hùn-ún, á máa kán sílẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á wá máa gbé láàárín omi àti dísù. Ìdọ̀tí wọn ló ń dá jẹnẹrétọ̀ dúró lóru.

Wọ́n kọ́kọ́ fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fa èyí tó kù jáde, wọ́n ṣí gbogbo ẹnu táǹkì, wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí i fún ìgbà pípẹ́. Ọmọṣẹ́ kan fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́, ọ̀gá náà jágbe mọ́ ọn débi pé gbogbo wa dúró. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni lóòótọ́. Ooru epo, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára epo, wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lúgọ sí. Ẹni tó bá wọlé á dákú, ẹni tó bá sáré wọlé lọ gbé e náà á dákú tì í. Ẹ̀rọ pélébé kan ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí ọ́síjìn ò bá tó 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni wọ́n fi fọ̀ ọ́ láti ìta, kí wọ́n tó so okùn mọ́ ọmọṣẹ́ nídìí, tó wọlé lọ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà, tí ẹnì kan ò sì kúrò lẹ́nu táǹkì. Ibì kan jò. Wọ́n rọ omi kún un títí dé abẹ́ ojú ibẹ̀ kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, torí táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ: ooru epo ló ń bú gbàmù.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé inú gọ́tà ni wọ́n da omi ìdọ̀tí yẹn sí. Àwọn èèyàn ní kànga ládùúgbò náà. Mo sọ fún ọ̀gá náà, ó ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, dúróọ̀mù méjì péré ló máa gba omi náà, ó yẹ kí wọ́n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé ẹnu tí jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù sókè díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹnu mìíràn sísàlẹ̀ pátápátá fún omi. Wọ́n ṣe é, wọ́n gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀. Lóko, a gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, a mú kó dagun díẹ̀ síhà ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn, a sì ń tú u láràárọ̀ kí a tó tan jẹnẹrétọ̀. Mẹkáníìkì wa ò tíì bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú fítà láti ìgbà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, kí oòrùn lè tàn wọnú táǹkì fún yín. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sẹ́nu rẹ̀. Owó ìfọ̀ ò sí nínú owó táǹkì, ẹ ná méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.